Èrò Tí Wọ́n Kó Jọ fún Abacha

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1998, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan tí Daniel Kanu ń darí kó èrò jọ sí Àbújá. Wọ́n ní èèyàn mílíọ̀nù méjì ni yóò wá bẹ Ọ̀gágun Sani Abacha, olórí ìjọba ológun Nàìjíríà nígbà náà, pé kó bọ́ aṣọ ológun, kó di ààrẹ alágbádá. Àwọn olórin tí orúkọ wọn ń dún gorí ìtàgé, àwòrán Abacha wà láyà ẹ̀wù àwọn ọ̀dọ́, NTA, ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ìjọba, sì ń gbé e fáráyé wò. Títí dòní, àríyànjiyàn tó wà lórí ọjọ́ náà kò ju pé ṣé èrò ọ̀hún pé mílíọ̀nù méjì àbí kò pé. Lójú tèmi, iye èrò kọ́ ni kókó. Torí ẹni tó jókòó sílé tó ń wòran ni wọ́n ṣe pe àpéjọ náà. Wọn ò tilẹ̀ retí pé kó nífẹ̀ẹ́ Abacha. Kó ṣáà ti rò pé òun nìkan ló kù tí kò fẹ́ ẹ, kó sì panu mọ́.

Ilẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ro ó. Láti 1994 ni ìjọba ti gbé àgádágodo sẹ́nu ọ̀nà àwọn ilé ìwé ìròyìn Punch, Concord àti Guardian. Ní 1995 wọ́n ju Kúnlé Ajíbádé ti ìwé ìròyìn TheNews sẹ́wọ̀n, àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ sì di ẹni tó ń kọ ìròyìn ní ibùba. Lọ́jọ́ tí àpéjọ Àbújá ń lọ lọ́wọ́ gan-an, àwọn alátakò pe àpéjọ tiwọn sí Yaba l'Ékòó, ọlọ́pàá sì tú wọn ká. Bó bá jẹ́ lóòótọ́ ni gbogbo ìlú fẹ́ Abacha, kí ló ń bà wọ́n lẹ́rù ní Yaba? Ní oṣù Kẹrin, gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú márààrún tí ìjọba fọwọ́ sí, àwọn tí olóṣèlú alátakò Bọ́lá Ìgè pè ní ìka márùn-ún ọwọ́ adẹ́tẹ̀, fa ẹnì kan ṣoṣo kalẹ̀: Abacha.

Ẹnìkan lè sọ pé òfo ni gbogbo rẹ̀ já sí, torí ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún Ìbàdàn gbaná nínú ìwọ́de ìtakò Abacha, tí ìjọba kó Bọ́lá Ìgè àti Lam Adéṣínà tí òun náà jẹ́ alátakò, tí gómìnà ológun sì pè wọ́n ní ẹlẹ́wọ̀n ogun. Nígbà tí Abacha kú ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà, ijó ni wọ́n jó ní ìgboro. Òótọ́ ni. Àmọ́ ará Ìbàdàn tó jáde síta lọ́jọ́ 1 oṣù Karùn-ún náà ti mọ̀ ṣáájú pé òun kò dá wà. Ìwé ìròyìn tí wọ́n ń fi pamọ́ tà ti dọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti gbọ́ Radio Kudirat lórí ṣọ́ọ̀tì-wéèfù, rédíò tí wọ́n fi sọ orí Kúdírátù Abíọ́lá, ajàfẹ́tọ̀ọ́ ìjọba tiwa-n-tiwa, tí wọ́n yìnbọn pa l'Ékòó ní 1996. Ibi tí irú ohùn bẹ́ẹ̀ kò dé, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló gbilẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn sì ni ìjọba ń pè ní ìfẹ́ ará ìlú.

Wọ́n tún máa ń sọ pé Radio Kudirat náà ní apá tó ń gbè lẹ́yìn. Ó ní in, kò sì fi pamọ́: ìjọba tiwa-n-tiwa ló ń jà fún. Ìyàtọ̀ rẹ̀ pọ̀ sí ti NTA, torí kò ní ọlọ́pàá, kò ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, kò sì lè ti ilé ìròyìn ẹnikẹ́ni pa. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá wọ̀ létí lè yí rédíò síbòmíràn, kó sì sùn sílé rẹ̀ lóru ọjọ́ náà.