Ọ̀ṣọ́ Orí Ìtàgé ní Erékùṣù Èkó, àti Ìpamọ́ Ìwé Àwọn Tó Ń Ṣe É

Ọ̀ṣọ́ orí ìtàgé ni gbogbo ohun tí òǹwòran ń rí lórí ìtàgé yàtọ̀ sí òṣèré fúnra rẹ̀: ilé tí wọ́n fi pákó kàn, aṣọ ẹ̀yìn tí wọ́n kùn lọ́dà, ìtẹ́ ọba, igbó, àti iná tó ń sọ ọ̀sán di òru. Ayàwòrán ìtàgé ló ń rò ó, tó sì ń yà á sórí ìwé kí káfíńtà tó mú òòlù. Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ ní Erékùṣù Èkó, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ọjọ́ tí eré bá kásẹ̀ nílẹ̀ ni wọ́n ń tú ìtàgé palẹ̀. Pákó á bọ́ sínú eré mìíràn, ìwé tí wọ́n yà á sí á sì sọnù.

Àwọn baba wa kò fi bẹ́ẹ̀ lo ìtàgé tí a kàn. Eégún aláré, tí a tún ń pè ní alárìnjó, a máa ṣeré láàrin agbo, níta gbangba. Ẹ̀kú tó gbé wọ̀ ni ọ̀ṣọ́ rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1826, òyìnbó arìnrìnàjò kan, Hugh Clapperton, wo irú eré bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀yọ́-Ilé. Ó rí ejò ńlá tó ti inú àpò jáde, ó sì rí eégún tó ń ṣe bí òyìnbó. Torí pé ó kọ ọ́ sínú ìwé ìrìnàjò rẹ̀ la fi mọ̀ lónìí. Àìmọye eré tí kò rí akọ̀wé ti bá afẹ́fẹ́ lọ.

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, Ẹ̀yọ̀ Adámú Òrìṣà ni ọ̀gá nínú ohun àwòyanu. Láti 1854 ni wọ́n ti ń gbé e jáde, nígbà tí wọ́n fi ṣẹ̀yẹ fún Ọba Akíntóyè tó wàjà. Aṣọ funfun ni gbogbo wọn ń wọ̀, àkẹtẹ̀ la fi ń dá wọn mọ̀: ìgà (ilé olóyè) kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ àti àmì tirẹ̀. Ọnà yìí kò parẹ́, nítorí pé ìgà kọ̀ọ̀kan ní àwọn tó ń ṣọ́ ọ, tí wọ́n ń fi í lé ọmọ lọ́wọ́. Ìtàgé kò ní ìgà. Ibẹ̀ ni ìṣòro rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìtàgé onípákó àti aṣọ ìkélé wọ Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nílé ẹ̀kọ́ àwọn ìjọ àti láàrin àwọn Àgùdà tó padà wá láti Brazil, tí wọ́n ń ṣe kọ́nsáàtì. Gbọ̀ngàn Glover di ojúkò rẹ̀; níbẹ̀ náà ni ará Èkó ti kọ́kọ́ wo sinimá ní 1903. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 1944, Hubert Ògúndé, tó ṣì jẹ́ ọlọ́pàá nígbà náà, gbé eré Ọgbà Édẹ́nì àti Ìtẹ́ Ọlọ́run síbẹ̀ fún ìjọ Aládùúrà kan ní Èbúté Mẹ́tta. Ẹ wo àkọlé yẹn: ọgbà kan, ìtẹ́ kan. A mọ ọjọ́, a mọ gbọ̀ngàn, a mọ orúkọ Ògúndé. Ta ló kan ìtẹ́ náà? Ìwé tí Ẹ̀bùn Clark kọ lórí Ògúndé ní 1979 ló gba púpọ̀ nínú ìtàn yìí là, ìwé ìròyìn àtijọ́ ló sì tú wò kó tó rí i kó jọ.

Nígbà tí àwọn ọ̀gá eléré bí Ògúndé, Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládiípọ̀ àti Mósè Ọláìyá ń gbé eré kiri, ọ̀ṣọ́ ìtàgé ní láti wọ inú ọkọ̀ pẹ̀lú ìlù àti àpótí aṣọ. Ìdí nìyẹn tí aṣọ ẹ̀yìn tó ṣeé ká bí ẹní fi wúlò fún wọn: ààfin lálẹ́ àná, oko lálẹ́ òní. Gbọ̀ngàn kan fẹ̀, òmíràn há, ọ̀ṣọ́ kan náà sì gbọ́dọ̀ bá méjèèjì mu. Ọgbọ́n ńlá ni, kò yẹ ká fojú kékeré wò ó.

Kì í ṣe gbogbo ayàwòrán ìtàgé ni a gbàgbé orúkọ wọn. Demas Nwoko, tó kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Zaria, tó sì kọ́ ti ìtàgé ní Paris, ló ṣe ọ̀ṣọ́ àti aṣọ fún Ọ̀mùtí tí Ògúnmọ́lá gbé jáde ní Ìbàdàn ní 1963, láti inú ìwé Amos Tutùọlá. Ní 2023, Venice Biennale fún un ní ẹ̀bùn Golden Lion fún iṣẹ́ ọjọ́ ayé rẹ̀. Ilé tó kọ́ ló sọ ọ́ di olókìkí. Iṣẹ́ ìtàgé rẹ̀ yẹ lóhun tí à ń kan sáárá sí bákan náà.

Lórí Erékùṣù, J.P. Clark òǹkọ̀wé eré àti ìyàwó rẹ̀, Ẹ̀bùn Clark, dá PEC Repertory Theatre sílẹ̀ ní 1982, Gbọ̀ngàn J.K. Randle ní Oníkàn sì ni wọ́n fi ṣe ibùdó. Ní Broad Street, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ di Freedom Park ní 2010, iṣẹ́ ọwọ́ ayàwòrán ilé Theo Lawson. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ẹlẹ́wọ̀n ni ìtàgé wà báyìí. Ayàwòrán tó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti bá ìtàn nílẹ̀ kó tó kan pákó kan ṣoṣo.

Kí ló ń wà nínú àpótí irú ẹni bẹ́ẹ̀? Àwòrán ìtàgé bí ẹni ń wò ó láti òkè, tó fi ibi tí ìlẹ̀kùn wà hàn àti bí òṣèré yóò ṣe rìn dé ìtẹ́. Àwòṣe kékeré tí wọ́n fi páálí gé, tí ènìyàn inú rẹ̀ kò ga ju ìka lọ. Ègé aṣọ tí wọ́n fi yan àwọ̀. Ìwé ọjà tí iye ìṣó, pákó àti ọ̀dà wà nínú rẹ̀. Nínú ìwé ọjà yẹn nìkan, òpìtàn á rí ohun tí agbára ẹgbẹ́ ká, ohun tó wọ́n lọ́jà lọ́dún náà, àti ohun tí wọ́n fi dípò èyí tí apá wọn kò ká. Ìwé eré kò lè sọ ìyẹn fún un. Fọ́tò pàápàá kò tó: ìwé ìròyìn Atọ́ka, tó ń fi fọ́tò sọ ìtàn eré, pa ojú àwọn òṣèré mọ́ fún wa, ṣùgbọ́n inú ilé àti ìgboro gidi ni wọ́n ti ń ya púpọ̀ nínú rẹ̀.

Níbòmíràn, wọ́n ti ń tọ́jú irú ohun bẹ́ẹ̀. Ní London, àkójọ ìtàgé ti Victoria and Albert Museum bẹ̀rẹ̀ ní 1924, nígbà tí obìnrin kan, Gabrielle Enthoven, kó ìwé ìpolówó eré tó ti ń tọ́jú tipẹ́ fún wọn. Èkó náà kò ṣàìní ilé. CBAAC, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1979 láti tọ́jú ohun tó kù láti FESTAC 77, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, wà ní Broad Street. John Randle Centre fún àṣà àti ìtàn Yorùbá wà ní Oníkàn. Ó yẹ kí ọ̀kan nínú wọn ya yàrá sọ́tọ̀ fún àwọn ayàwòrán ìtàgé, kí ẹgbẹ́ eré kọ̀ọ̀kan sì máa ya fọ́tò ìtàgé rẹ̀ kí wọ́n tó tú u palẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí àwọn ọ̀dọ́ ń yàwòrán sí báyìí kò láàbò ju ìwé lọ: bó bá bàjẹ́, tòun tàwòrán ni.

Ikán àti omi òjò kì í dúró de ẹnikẹ́ni ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹ̀yin tí bàbá tàbí ìyá yín ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dáná sun àpótí wọn. Ẹ kọ orúkọ eré, ọdún, àti orúkọ ẹni tó yà á sẹ́yìn ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì gbé e lọ síbi tí wọn yóò ti tọ́jú rẹ̀.