Ṣakabùlà Bàbá Àgbà

Nígbà tí ogun Dàhòmì fọ́ Kétu ní 1886, ìbẹ̀rù gba ilẹ̀ Yewa. Ìyá pọn ọmọ, bàbá gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó di sísá. Àwọn tí ogun fọ́n ká ló kó jọ tẹ Ayétòrò dó ní 1902. Ẹ gbọ́ orúkọ náà! Ayé tòrò, ṣùgbọ́n ṣakabùlà ò kúrò lára ògiri.

Bí wọ́n bá ṣí sójà nípò, ìbọn ìjọba ń dúró ní bárékè. Ẹrù àti ẹbí nìkan ló ń kó lọ. Ti bàbá àgbà ní Ìlaròó wá ńkọ́? Òfin ìbọn 1959 ní kí ṣakabùlà pàápàá ní ìwé àṣẹ. Ẹ̀tù sì lè wà nínú rẹ̀ láti ọdún gbọọrọ. Ẹ má jù ú sẹ́yìn mọ́tò. Ẹ kó ọmọdé kúrò níbẹ̀, kẹ́ ẹ pe ọlọ́pàá kó wá gbé e.