Rọ́bà Tó Ń Wá Orúkọ

"Ẹ̀rọ dà?"

Ohun tí bàbá télọ̀ kan ní Ìlọràá bi mí nìyẹn, nígbà tó ka ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé tí mo mú lọ fún un. Ìwé náà kò ju ojú ewé kan lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ físíò n'Ìbàdàn ló fi í lé mi lọ́wọ́, pé kí n bá òun wò ó bóyá Yorùbá inú rẹ̀ já gaara. Ó fẹ́ pín in fún àwọn tó ń fi ìjókòó jẹun láwọn ìlú wa ní Afijio: télọ̀, awakọ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Jobele, àti àwọn ìyá tó ń ta ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó lẹ́bàá títì ní Fìdítì. Ẹni tó kọ́kọ́ túmọ̀ ìwé náà pe ohun tí à ń sọ ní "ẹ̀rọ ìdárayá afúnṣanlókun fún iṣan tí ìjókòó pípẹ́ ti sọ di aláìlera." Bàbá wo ọwọ́ mi, ó wo inú ọ̀rá tí mo gbé dání. Rọ́bà róbótó kan ló bá níbẹ̀, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó ìka mẹ́ta. Kò ní wáyà, kò ní irin, kò ní táyà. Ẹ̀rọ tí bàbá mọ̀ ni Singer tó wà níwájú rẹ̀.

Mi ò bínú sí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀. Gbogbo wa la ní àrùn yẹn. Ohun tuntun kò ní tíì wọlé tán tí a ó ti gbé "ẹ̀rọ" lé e lórí, tí a ó sì so odidi gbólóhùn mọ́ ọn nídìí. Nígbà mìíràn ó máa ń bọ́ sí i. Amúlétutù dára, ẹnu lè gbé e, ó sì sọ ohun tó ń ṣe fún onílé. Asọ̀rọ̀mágbèsì ṣì ń dùn létí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé rédíò ni gbogbo wa ń pè é. Alùpùpù ni mo fẹ́ràn jù. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ kò jókòó ti ìwé atúmọ̀ èdè, etí ló fi gbọ́ ọ lójú pópó. Orúkọ Afijio pàápàá, lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn ìlú ni wọ́n kó jọ tó di ọ̀rọ̀, àṣà òyìnbó pọ́ńbélé. Síbẹ̀, ó ti wọ Yorùbá débi pé mo ti rí ẹni tó ń tú u wò bí ẹni ń tú oríkì.

Kí la wá ń fi rọ́bà ọ̀hún ṣe? Ẹran tó tóbi jù lọ lára ènìyàn ni ẹran ìdí. Òun ló ń gbé wa dìde, òun ló ń tì wá gun òkè. Bí a bá sì jókòó, òun ni a fi ń ṣe tìmùtìmù. Ẹni tó bá jókòó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹran ìdí rẹ̀ kò ríṣẹ́ ṣe, èyí tó wà níwájú ìbàdí sì ká kò títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì. Ẹran kékeré kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbáròkó tí kò sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí a bá gbé ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kí ìbàdí wa dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bó bá ti dẹ̀, onítọ̀hún á máa rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ, ẹ̀yìn á sì máa ro ó. Físíò ní kí a wọ rọ́bà náà sí itan méjèèjì, lókè orúnkún díẹ̀, kí a máa fi orúnkún tì í síta. Ẹran kékeré yẹn gan-an ló ń bá wí.

Àwọn ará ibí kì í fẹ́ gbọ́ èyí. Ẹ̀yìn ló ń dùn wọ́n, ẹ̀yìn ni wọ́n sì ń fi àbóníkí pa. Mo rántí amúkùn-ún tí wọ́n ní ẹrù rẹ̀ wọ́, tó ní òkè ni wọ́n ń wò, wọn ò wo ìsàlẹ̀. N kò mọ òwe mìíràn tó ṣàlàyé iṣẹ́ físíò ju ìyẹn lọ. Èdè wa sì ti ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí sílẹ̀, nítorí ìdí tí a fi ń jókòó náà ni ìdí tí à ń béèrè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. "Kí ni ìdí rẹ̀?" Ìdí ni ìdí rẹ̀.

Ẹni tí kò bá gbà pé ìjókòó lè ṣe ènìyàn ní nǹkan, kí ó wo ọkọ̀ tó ń ná Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Jerry Morris, gbé ìwádìí kan jáde ní 1953. Ó fi àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì wé àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ wọn. Bọ́ọ̀sì alájà méjì ni, awakọ̀ jókòó gbọnin, kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń gun àtẹ̀gùn, ó ń sọ̀ kalẹ̀ láti ta tíkẹ́ẹ̀tì. Àrùn ọkàn kọlu àwọn tó jókòó ju àwọn tó ń gun àtẹ̀gùn lọ. Bí mo ti sọ èyí fún awakọ̀ kan ní gáréèjì Fìdítì, ó wo ọmọkùnrin tó rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀, ó ní, "Àṣé ọmọ yìí ló ń jẹ ayé."

Ọ̀rọ̀ tó fún mi lójora jù nínú ìwé náà ni "iṣan." Nílé ìwòsàn, iṣan ni ibi tí nọ́ọ̀sì ń wá tó bá fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀. Iṣan ló ń fà nígbà tí pajápajá bá múni lóru. Iṣan náà ni ọ̀dọ́ tó ń gbé irin fi ń yangàn. Mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ alápatà, nítorí kò sẹ́ni tó mọ inú ẹran tó o. Mo nawọ́ sí itan màlúù tó so rọ̀, mo ní ṣé iṣan nìyí. Ó ní, "Ẹran nìyẹn o, bàbá. Iṣan rèé." Ó fa okùn funfun kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúgun, irú èyí tí eyín àgbà kì í lè já. Nígbà náà ni ojú mi là sí ewu tó wà nínú gbólóhùn kan tí a ti kọ sínú ìwé: "Kí iṣan yín lè le." Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí dókítà ti kìlọ̀ fún pé iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń le, kí ni yóò rò? Yóò rò pé a fẹ́ pa òun ni. A yọ iṣan kúrò. "Ẹran ìdí" àti "ẹran itan" la fi sí i. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní ó dà bí ẹni ń polówó ọbẹ̀. Kó máa rẹ́rìn-ín lọ, kò sẹ́ni tó ṣì í gbọ́.

"Aláìlera" náà kò bá mi lára mu. Aláìlera ni ẹni tó dùbúlẹ̀ àìsàn, bàbá télọ̀ kò sì ṣàìsàn. Bí ó bá jókòó pẹ́, ohun tó ń sọ ni pé, "Ẹsẹ̀ mi ti kú." Ó ń kú ní ìgbà mẹ́ta lójúmọ́, ó sì ń jí. Àwọn mìíràn á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, nítorí jẹ̀díjẹ̀dí ni a máa ń di gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ìjókòó àti ti ohun dídùn lé lórí. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ tó yẹ ẹran tí kò ríṣẹ́ ṣe kò ju méjì lọ: ó dẹ̀, ó sì ti ya ọ̀lẹ. Okùn ló ń dẹ̀, ènìyàn ló ń ya ọ̀lẹ, àwọn méjèèjì sì ṣe é mú bọ̀ sípò. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà á gbọ́ nìyẹn.

Físíò ńkọ́? Mo fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwọn kan ti gbìyànjú láti pè é ní ìṣègùn kan tí orúkọ rẹ̀ gùn bí ìlà ọkọ̀ ojú irin, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti wà ní Igbóbì l'Ékòó láti 1945, nígbà tí wọ́n ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ní 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn tiwa. Ọ̀rọ̀ tó ti pẹ́ lẹ́nu àwọn aláìsàn tó báyìí ti di ọmọ ilé. Ọ̀rọ̀ ìṣe inú rẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ jẹ́ àyálò, nítorí ìyẹn ti wà nílé tipẹ́. Ẹ wo ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ ìkókó. Ó ń fi òrí wọ́ ọ lẹ́yìn, ó ń na apá rẹ̀, ó ń na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń tẹ oríkèé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. (Nà tí kì í ṣe ti pàṣán.) Wọ́, nà, tẹ̀, ká, tì, fà: a kò ní láti ṣẹ̀dá ìkankan nínú wọn.

Ìlànà lílo rẹ̀ ni a fi ọjọ́ méjì tún kọ. Ìwé àkọ́kọ́ ní, "Ya ẹsẹ̀ rẹ." Ẹ̀ṣẹ̀ méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní, ta ni ìwé ń bá sọ "rẹ"? Ìyá tó ti bí ọmọ méje? Èkejì, kò sí ìyá kan ní Fìdítì tí yóò ka "ya ẹsẹ̀" tí kò ní fi ìwé náà dáná. A yí i padà: "Ẹ jẹ́ kí orúnkún yín jìnnà síra, bí ẹni tó dúró ti odó tó fẹ́ gúnyán." Gbogbo ènìyàn ló mọ ìdúró yẹn. Níbi tí ìwé ti ní "ẹ lóṣòó," obìnrin kan ní ìyẹn ti yàrá ẹ̀yìn ilé ni, a bá ní "bí ẹni fẹ́ jókòó sórí àpótí tí wọ́n ti gbé kúrò." Ìdárayá kan wà tí òyìnbó fi ìkaraun ẹran inú òkun sọ lórúkọ, a dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a ká orúnkún, ẹsẹ̀ méjèèjì wà papọ̀, a wá gbé orúnkún tòkè sókè. Ọ̀nà wa jìn sí òkun. "Ṣíṣí ìwé" la pè é, bí ẹni ń ṣí Bíbélì tàbí Kùránì. Ìwé àkọ́kọ́ tún sọ̀rọ̀ nípa "àtakò rọ́bà," bíi pé rọ́bà ti dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀. Tiwa ni: "Rọ́bà á máa fà yín padà. Ẹ má gbà fún un."

"Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún" ni wọ́n ní kí a fi dúró. Ọ̀rọ̀ náà wù mí púpọ̀, ojú ọ̀bọ tó ń ṣẹ́ ni àwọn tó ṣẹ̀dá rẹ̀ fi wọn àkókò. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń ka àáyá nínú ọjà. A kọ ọ́ pé kí wọ́n ka ení títí dé àrún, bí ẹni ń ka ọsàn sínú apẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n tún ṣe ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Kí ni a ó pe mẹ́wàá-mẹ́wàá yẹn? "Ìpele" ni ìwé pè é, ìpele sì ń gòkè ni, èyí kò lọ síbì kankan. Alákàrà ló yọ wá: ọwọ́ àkọ́kọ́, ọwọ́ kejì. Ọwọ́ mẹ́ta, ní ó kéré tán ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, nítorí iye ọjọ́ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé dá nínú ìlànà ọdún 2020 fún ohun tó ń fún ẹran ara lágbára nìyẹn. Ìyá ọlọ́sàn kan gbìyànjú rẹ̀ níṣojú wa. Ó ṣe mẹ́wàá tán, ó fi ọ̀kan lé e, ó ní ẹ̀nì ni.

Ó wá ku orúkọ. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò n'Ífẹ̀ ní 1970, ẹnu ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀dá gbọ́dọ̀ gbà kọjá lójoojúmọ́. Òṣùwọ̀n tí mo fẹ́ nìyẹn. Afúnṣanlókun kò lè gba ẹnu ọmọ kọjá. Àwọn ìyá ọlọ́sàn ti ń pè é ní bèbè ìdí, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn, kò sì burú, àmọ́ mi ò mọ bí mo ṣe máa gbé bèbè ìdí fún bàbá télọ̀.

Ojú ọ̀nà oko ni mo wà nígbà tí mo rí adẹ́mu kan lókè ọ̀pẹ. Igbà rẹ̀ yí i ní ìbàdí, ó yí ọ̀pẹ náà ká. Ó fi ẹsẹ̀ ti igi, ó fi ìdí ti igbà, ó sì fara tì sẹ́yìn bí ẹni wà nínú àga. Okùn róbótó tó yí ara ká, tí ara ń tì, tí òun náà kò gbà fún ara: nǹkan wa nìyí! Mo wo itan ọkùnrin yẹn, ó ki bí ọwọ́ odó. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó délé: igbà rọ́bà.

Ó ní àbùkù tirẹ̀. Bí òǹtẹ̀wé bá jẹ àmì orí rẹ̀, ó di igba, ó di igbá, ó di ìgbà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìgboro kò sì tíì rí igbà rí. Bàbá télọ̀ ní tirẹ̀ tún mú ẹjọ́ mìíràn wá nígbà tí mo mú ìwé tuntun dé. Ó kà á, ó gbé awò ojú rẹ̀ sókè.

"Tíṣà, bàbá tó bí mi, ọ̀pẹ ló ń gùn. Igbà kì í fà. Igbà tó bá ń fà, òkú ló ń wá."

Mo ní òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n orí omi ni ọkọ̀ ti kọ́kọ́ ń rìn. Nígbà tí lọ́rì dé, ọkọ̀ la pè é. Nígbà tí irin dé, ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí ó fò, ọkọ̀ òfurufú. Ta ló bi wọ́n léèrè pé omi dà?

Kò fún mi lésì. Ó ti ẹ̀rọ rẹ̀ sẹ́yìn, ó bọ ẹsẹ̀ sínú rọ́bà náà lórí ṣòkòtò, ó fà á dé òkè orúnkún. Ó ti ní mọ́tò lára Singer yẹn báyìí, ìfẹsẹ̀tẹ̀ díẹ̀ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ pàápàá ti lọ. Ó dúró bí ẹni dúró ti odó. Ó tì í lẹ́ẹ̀kan, ó tì í lẹ́ẹ̀kejì, ojú rẹ̀ le.

"Ọwọ́ mélòó lẹ ní?"