Ṣòkòtò Pénpé Àwọn Agunìgbì: Ìtàn Aṣọ Etíkun àti Ẹ̀hónú Àwọn Tí Wọ́n Rán An Fún

Agunìgbì ni ẹni tí ó máa ń dùbúlẹ̀ tàbí tí ó máa ń dìde dúró lórí pákó pẹlẹbẹ kan, tí yóò sì jẹ́ kí ìgbì òkun gbé òun láti ojú agbami wá sí etí iyanrìn, láìlo àjẹ̀ tàbí ẹ́ńjìnnì. Eré yìí ti wọ ìdíje Olympics láti ìgbà tí wọ́n ṣe é ní Tokyo ní ọdún 2021, ṣùgbọ́n ó ti bí òwò aṣọ ńlá kan ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú ìgbà náà, òwò tí àwọn agunìgbì fúnra wọn dá sílẹ̀, tí wọ́n sì wá ń wò tìfura-tìfura bí ó ti ń dàgbà. Ẹni tí ó bá fi etí sílẹ̀ sí ọ̀rọ̀ wọn lórí àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ ńláńlá yóò rí i pé wọn kì í sábà ráhùn pé aṣọ náà wọ́n tàbí pé kò dára. Ohun tí ń dùn wọ́n ni pé aṣọ tí wọ́n rán fún iṣẹ́ ti di aṣọ tí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà ń fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí Yorùbá tí ó mọ gbérí, ẹ̀wù àwọn ọdẹ. Gbérí kì í sọ pé ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lówó. Ó ń sọ pé olúwarẹ̀ ti sùn nínú igbó, ọjọ́ tí wọ́n bá sì ń tà á lọ́jà fún ẹni tí kò gbọ́ ìró ìbọn rí, gbérí ọdẹ yóò ṣì wà lọ́rùn ọdẹ, ṣùgbọ́n kò ní lè jẹ́rìí fún un mọ́.

Gígun ìgbì ti wà ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ronú aṣọ kan fún un. Ní àwọn ọdún 1640, Michael Hemmersam, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó ṣiṣẹ́ ní etíkun tí ó di ti Gánà lónìí, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn òbí a máa so ọmọ mọ́ pákó kí wọ́n tó jù ú sómi, àlàyé tí àwọn onímọ̀ ìtàn gbà pé ó jẹ́ ti ẹni tí kò lóye ohun tí ojú rẹ̀ rí, nítorí pé ẹ̀kọ́ ìgbì ni àwọn ọmọ náà ń kọ́. Jean Barbot, oníṣòwò ará Faransé, rí irú rẹ̀ ní Elmina ní etíkun kan náà ní ìparí ọ̀rúndún yẹn, níbi tí àwọn ọmọdé ti fi àfọ́kù pákó tàbí ìdì eèsún sábẹ́ àyà wọn, nígbà tí James Alexander, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, sì rí àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n ń wẹ̀ jáde sójú òkun ní Accra ní àárín àwọn ọdún 1830, tí wọ́n ń dúró de ìgbì, tí ìgbì náà sì ń gbé wọn padà wálé. Kevin Dawson, onímọ̀ ìtàn, kó púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rí wọ̀nyí jọ sínú ìwé tí ó gbé jáde ní ọdún 2018. Ìdí tí àwọn ará etíkun fi ń kọ́ ọmọ wọn ní ìgbì hàn kedere: kò sí èbúté gidi ní púpọ̀ nínú àwọn ìlú náà, ọkọ̀ ojú omi àwọn Òyìnbó a dúró lókèèrè, apẹja àti aláàárù tí kò bá sì mọ bí a ti ń ka ìgbì ni ọkọ̀ rẹ̀ máa dojú dé. Ìhòòhò tàbí ìró kékeré ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀.

Ní ìhà gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí ẹni tí ó kúrò ní Àjàgbà ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ yóò gba Òkìtìpupa àti Ìgbọ́kọ̀dá kọjá kí ó tó fojú kan òkun, ọ̀nà mìíràn ni ìtàn náà gbà. Etíkun oníyanrìn tí ó ti Èkó wá máa ń parí lẹ́yìn Lẹ́kkí, ẹrẹ̀ ni ó sì kù láti ibẹ̀ kọjá ilẹ̀ Ìlàjẹ lọ sí ẹnu odò Benin; ìgbì tí ó bá sì gun orí ẹrẹ̀ a máa rẹ̀wẹ̀sì, kì í ga, kì í sì í fọ́ lọ́nà tí pákó fi lè bá a rìn. Ọkọ̀ àti àwọ̀n ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń bá òkun ṣe. Síbẹ̀, ní ti aṣọ, ẹ̀kọ́ kan wà ní Ayétòrò, ìlú tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó sórí ẹrẹ̀ yẹn ní ọdún 1947, tí wọ́n sì fi gbogbo ohun ìní wọn ṣe ti àjọní títí di òpin àwọn ọdún 1960. Wọ́n hun aṣọ fúnra wọn, wọ́n rán an, wọ́n ṣe bàtà, wọ́n kan ọkọ̀, kò sì sí àmì ilé-iṣẹ́ kankan lára aṣọ náà, nítorí pé ẹni tí ó hun ún àti ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ jọ ń jẹun nílé kan náà ni.

Bí aṣọ agunìgbì ti bẹ̀rẹ̀ ní òdìkejì ayé kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti California lọ gun ìgbì ní Hawaii rí i pé aṣọ ìwẹ̀ tí ilé ìtajà ń tà máa ń ya tàbí kí ìgbì bọ́ ọ kúrò nídìí wọn, wọ́n sì tọ télọ̀ kan tí à ń pè ní M. Nii lọ ní Waianae kí ó bá wọn rán ṣòkòtò pénpé tí ó nípọn, èyí tí oníkálùkù fi ń yangàn nígbà tí ó bá padà sílé. Ní Surfside, California, tọkọtaya Katin tí iṣẹ́ wọn jẹ́ rírán ìbòrí ọkọ̀ ojú omi bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ tapólì kan náà rán ṣòkòtò fún àwọn ọmọ àdúgbò. Jack O'Neill ṣí ṣọ́ọ̀bù sí San Francisco ní ọdún 1952, ó sì ń wá ẹ̀wù tí kò ní jẹ́ kí otútù omi ibẹ̀ pa ènìyàn, títí tí ó fi dé orí ẹ̀wù rọ́bà. Rọ́bà àtọwọ́dá tí wọ́n pò ní ilé-iṣẹ́ ni, kì í ṣe oje igi irú èyí tí ó wà nínú oko ní agbègbè Òkìtìpupa. Ní ọdún 1969, Doug Warbrick àti Brian Singer dá Rip Curl sílẹ̀ ní Torquay, ìlú etíkun kékeré kan ní Australia, Alan Green àti John Law sì bẹ̀rẹ̀ Quiksilver ní ìlú kan náà láàárín àkókò kan náà. Ní ọdún 1973, Gordon Merchant àti aya rẹ̀ ń rán ṣòkòtò lórí tábìlì ilé ìdáná wọn, wọ́n sì pe iṣẹ́ náà ní Billabong. Ó yẹ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ìbínú tí ó tẹ̀lé e kì bá tí gbóná tó bẹ́ẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé àjèjì ni ó dá àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí sílẹ̀. Àwọn tí ó kọ́kọ́ ra aṣọ náà mọ ẹni tí ó rán an, wọ́n jọ ń dúró de ìgbì kan náà ní òwúrọ̀ ni, bí òwú bá sì já, ẹni tí ó rán an yóò gbọ́ ọ lójú omi kí oòrùn tó mú.

Bí àmì ara aṣọ ti borí aṣọ fúnra rẹ̀ ni ó mú àyípadà wá. Ní nǹkan bí ọdún 1960, Duke Boyd ti fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjì kéékèèké sára aṣọ agunìgbì tí ó pè ní Hang Ten, ìgbà tí yóò sì fi di àwọn ọdún 1970, wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn kí wọ́n lè lo àtẹ́lẹsẹ̀ náà sára ohun tí ẹni tí ó ṣe é lè má tíì fojú rí òkun rí. Àmì Quiksilver, tí ó jẹ́ ìgbì ńlá àti òkè olórí-yìnyín, jẹ́ ohun tí wọ́n mú láti ara àwòrán gbajúmọ̀ tí Hokusai ará Japan gbẹ́ sí igi tẹ̀ jáde. Nígbà tí Jeff Hakman, agunìgbì tí ó gba ife-ẹ̀yẹ ìdíje ìgbì Bells ní Australia ní ọdún 1976, fẹ́ gba àṣẹ láti máa ta Quiksilver ní Amẹ́ríkà, ìtàn tí gbogbo wọn ń sọ ni pé ó jẹ bébà ọlọ́nà tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì oúnjẹ kí àwọn tí ó ni ilé-iṣẹ́ náà lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. Lẹ́yìn ọdún 10, ilé-iṣẹ́ tí ẹni tí ó jẹ bébà bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti ń ta ìpín ìdókòwò fún gbogbo ayé, ó dé ọjà ìpín ìdókòwò New York ní ọdún 1998, Billabong náà sì bọ́ sí ti Australia ní ọdún 2000. Ẹni tí ó bá ra ìpín kò bèèrè bóyá ìgbì dára lánàá. Èrè ni ó ń bèèrè, àti pé kí èrè ọdún tí ń bọ̀ ju ti èṣí lọ. Agunìgbì kò pọ̀ tó láti mú irú èrè bẹ́ẹ̀ wá, nítorí náà àwọn tí ń gbé ní ibi tí òkun jìnnà sí ni wọ́n dojú ọjà kọ.

Kò sí ibi tí ẹ̀gàn àwọn agunìgbì ti le tó ti Hollister, ilé-iṣẹ́ tí Abercrombie & Fitch dá sílẹ̀ ní ọdún 2000 láti ìpínlẹ̀ Ohio, níbi tí kò ti sí òkun rárá, tí wọ́n sì hùmọ̀ ìtàn baba-ńlá kan fún un tí ó lọ sẹ́yìn di ọdún 1922. Ọdún yẹn wà lára aṣọ náà gbàgàdà. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ti ọwọ́ agunìgbì wá pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ìtìjú: ní ọdún 2016, ó hàn síta pé ilé-iṣẹ́ kan ní North Korea ni ó rán lára aṣọ orí yìnyín tí Rip Curl tà, tí wọ́n sì kọ orúkọ Ṣáínà sí i lára, ẹ̀bi tí Rip Curl dì ru agbaṣẹ́ṣe kan.

Àmọ́ ìkórìíra kò tíì parí ọ̀rọ̀ náà, àwọn tí wọ́n kọ ìtàn yìí bí ogun láàárín olóòótọ́ àti ọlọ́jà kò sì ṣe é pé. Owó aṣọ ni ó ń bọ́ ìdíje; Rip Curl ti ń gbé ti Bells kalẹ̀ láti ọdún 1973, owó aṣọ náà ni ó sì ń jẹ́ kí ọmọ tálákà kan lè fi ìgbì ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Agunìgbì a máa bú ilé-iṣẹ́ náà lẹ́nu, kí ó sì lẹ àmì rẹ̀ mọ́ imú pákó rẹ̀ bí wọ́n bá gbà láti san owó oṣù fún un. Kelly Slater, tí ó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé nígbà 11, wà lọ́dọ̀ Quiksilver fún nǹkan bí ọdún 23 kí ó tó kúrò ní ọdún 2014 láti dá ti ara rẹ̀ sílẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, Quiksilver wọ ilé-ẹjọ́ pé gbèsè ti bo òun mọ́lẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwọn olówó rà á, wọ́n sọ ọ́ ní Boardriders ní ọdún 2017, wọ́n ra Billabong mọ́ ọn ní ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ mìíràn tí ó ń kó orúkọ aṣọ jọ sì ra gbogbo wọn ní ọdún 2023. Nígbà tí ó di ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ tí ó gba àṣẹ láti máa ta wọ́n ní Amẹ́ríkà kógbá sílé, ó sì ti ilé ìtajà tí ó lé ní 100. Inú àwọn kan dùn, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré létíkun, tí ṣòkòtò tí wọ́n ń tà ti ń bá wọn san owó ilé tipẹ́, kò bá wọn yọ̀.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, òdìkejì ni nǹkan ti wá. Fíìmù The Endless Summer tí Bruce Brown gbé jáde ní ọdún 1966 fi Mike Hynson àti Robert August, agunìgbì méjì láti California, hàn bí wọ́n ti ń gun ìgbì ní Dakar, ní Gánà àti ní Èkó, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí ìgbì náà láṣọ lójú. Ní Tarkwa Bay ní Èkó, etíkun tí ó wáyé lẹ́yìn tí ìjọba amúnisìn mọ ògiri òkúta láti dáàbò bo ẹnu èbúté, pákó tí àwọn àlejò fi sílẹ̀ tàbí tí wọ́n fi ta wọ́n lọ́rẹ ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ibẹ̀ fi kọ́ eré náà. Ní ti aṣọ, òkìrìkà ni ó kọ́kọ́ mú àmì àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá dé ọ̀dọ̀ ará ìlú, ìyẹn àlòkù aṣọ tí ń gba Kútọnu wọlé nínú bélì bí òfin Nàìjíríà tilẹ̀ kà á léèwọ̀. Nínú irú bélì bẹ́ẹ̀, ìgbì Hokusai lè balẹ̀ sí ọjà Òkìtìpupa sára ẹ̀wù tí wọn yóò ná ní iye kan náà pẹ̀lú èyí tí kò ní àmì kankan, nítorí pé oníbàárà ń fa aṣọ náà wò bóyá yóò pẹ́ ni. Ẹ̀gàn tí ará California ní sí ilé-iṣẹ́ ńlá nílò ọjà tí ó ti kún àkúnya. Agunìgbì Tarkwa Bay tí kò rí onígbọ̀wọ́ kò ní ohun tí yóò kẹ́gàn. Ohun tí ó sì bà á lẹ́rù jù kò ti ọ̀dọ̀ aláṣọ wá: ní oṣù kìíní ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùgbé kúrò ní etíkun náà, wọ́n sì wó ilé wọn, pẹ̀lú àlàyé pé wọ́n ń dènà àwọn tí ń fọ́ ọ̀pá epo.

Ilé-iṣẹ́ aṣọ ìgbì tí ó gbìyànjú jù láti fi Áfíríkà ṣe ìpìlẹ̀ wà ní Cape Town, Mami Wata, orúkọ òrìṣà omi, sì ni orúkọ rẹ̀. Òun ni ó wà nídìí ìwé Afrosurf tí ó jáde ní ọdún 2020, tí ó sì kó ìtàn àwọn agunìgbì láti Senegal dé Gúúsù Áfíríkà jọ. Àwọn tí ó yan orúkọ náà mọ̀ pé kò sí ará etíkun tí yóò gbọ́ ọ tí kò ní dá a mọ̀. Àwòrán obìnrin onírun gígùn tí ejò yí mọ́ lọ́rùn, tí àwọn ojúbọ Mami Wata gbà gẹ́gẹ́ bí ojú rẹ̀, jẹ́ bébà ìpolówó eré tí wọ́n tẹ̀ ní Hamburg, ní ilẹ̀ Jámánì, ní àwọn ọdún 1880. Nígbà tí àwọn oníṣòwò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fẹ́ sí i, ilé-iṣẹ́ kàlẹ́ńdà kan ní Bombay tún ẹ̀dà 12,000 tẹ̀ fún wọn ní ọdún 1955. Láti ara bébà onípolówó ni ó ti dé ojúbọ, láti ojúbọ ni ó sì ti wá dé ara ṣòkòtò pénpé.