Whakarewarewa: Omi Gbígbóná Tó Jẹ́ Ilé Ìdáná Kó Tó Di Ibi Ìran

Àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ tó ń wọ́ lọ sí Whakarewarewa, ní ìlú Rotorua ní New Zealand, ìran ni wọ́n ń wá: omi Pōhutu tó ń tú sókè tó 30 mítà, àti èéfín tó ń rú láàárín ilé. Àwọn Maori tó ń gbé ibẹ̀ ní tiwọn ń se àgbàdo nínú omi tó ń hó, wọ́n ń fi ooru ilẹ̀ se ẹran nínú àpótí, wọ́n sì ń wẹ̀ nínú omi tí wọ́n la ojú gọ́tà fún kó lè rọlẹ̀ kó tó kan ara. Àwọn kan lè sọ pé nítorí àlejò ni wọ́n ṣe ń se àgbàdo ọ̀hún. Òótọ́ ni pé wọ́n ń tà á fún àlejò, bẹ́ẹ̀ òwò àlejò kì í ṣe tuntun níbẹ̀. Ẹ̀yà Tūhourangi, tó jẹ́ ara àwọn Maori, ti ń mú àwọn òyìnbó lọ wo àtẹ̀gùn òkúta aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ òdòdó létí adágún Rotomahana, kí òkè Tarawera tó bú gbàù ní June 10, 1886. Ó pa nǹkan bí 120 ènìyàn, ó sì ba àtẹ̀gùn náà jẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn tó yè é ṣí wá sí Whakarewarewa. Sophia Hinerangi, gbajúgbajà amọ̀nà, wà lára wọn. Àmọ́ bí àlejò bá ti lọ, ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ṣì máa dáná, á sì wẹ̀.

Èyí ló jẹ́ kí n gbà pé lílò ni ìtàn ibẹ̀ dá lé. Ní ọ̀rúndún ogún, àwọn onílé àti onílé ìtura ní Rotorua gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ láti fa ooru sínú yàrá wọn, agbára omi abẹ́ ilẹ̀ sì ń dín kù. Papakura, ọ̀kan nínú àwọn omi tó ń tú, dákẹ́ ní 1979. Ní 1986 sí 1987, ìjọba ní kí wọ́n dí gbogbo kànga tó wà láàárín kìlómítà 1.5 sí Pōhutu. Àwọn aráàlú fárígá: ṣé kí òtútù máa pa àwọn kí àlejò lè rí omi tó ń fò ni? Ẹjọ́ wọn kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n orísun kan náà ló ń bọ́ kànga wọn àti kòtò ìdáná àwọn Maori. Àwọn mìíràn ní kì í ṣe kànga ló fà á, ilẹ̀ ló ń yí padà fúnra rẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n ṣe dí àwọn kànga náà, omi abẹ́ ilẹ̀ gòkè, àwọn ìsun kan sì sọjí. Papakura ní tirẹ̀ pẹ́, ọdún 2015 ló tó tún tú. Àwọn tó wà lẹ́yìn ààlà kìlómítà 1.5 yẹn ṣì lè fa ooru, ṣùgbọ́n ètò ìjọba ìbílẹ̀ ń fẹ́ kí wọ́n dá omi náà padà sábẹ́ ilẹ̀.