Ìkaraun Ọta: Ìtàn Bí Ìdánrawò Ìbọn Ṣe Di Ohun Olówó Pọ́ọ́kú

Kò sí iṣẹ́ ọwọ́ kan tí ènìyàn lè mọ̀ dunjú láìṣe é ní àṣetúnṣe. Ẹni tí ń kọ́ ìlù a máa lu awọ títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ ọ̀nà. Ẹni tí ń kọ́ aṣọ híhun a máa já òwú títí òwú kò fi ní já mọ́ ọn lọ́wọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n awọ ìlù kì í tán nítorí pé a lù ú lẹ́ẹ̀kan, òwú tí ó já sì ṣeé so. Ti ìbọn yàtọ̀. Ìgbàkúùgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá yìn ín, owó ni ó ń bá èéfín lọ. Nítorí náà, ó ti pẹ́ tí ìbéèrè kan ti ń bá ológun, ọlọ́pàá àti ọdẹ fínra: báwo ni ènìyàn ṣe lè dánra wò tó, kí owó má sì tán? Ìtàn ìkaraun ọta, láti orí idẹ títí dé orí alumíníọ́mù, jẹ́ ìtàn bí a ti wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí.

Ìbọn tí àwọn baba ńlá Yorùbá mọ̀ jùlọ, èyíinì ni ṣakabùlà, kò ní ìkaraun ọta rárá. Ọdẹ a da ẹ̀tù sí ẹnu ìbọn, a fi ọ̀pá ki í mọ́lẹ̀, a sì kó ọta lé e lórí. Ó ní láti ra ẹ̀tù, ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ ìlú lè rọ ọta fún un. Ogun Kírìjí, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ni ó mú ohun mìíràn wọ ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ọmọ Èkìtì Parapọ̀ tí ó wà ní Èkó ran àwọn ará ilé lọ́wọ́ láti rí ìbọn tí a ń ki láti ìdí, irú èyí tí a ń pè ní Snider. Ẹ̀tù, ọta àti ìṣáná rẹ̀ jọ wà nínú ìkaraun kan ṣoṣo. Ẹni tí ó mú un lọ́wọ́ lè yìn ín lẹ́ẹ̀mélòó kan kí oníṣakabùlà tó ki tirẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n agbára tuntun yìí kò dá wá. Alágbẹ̀dẹ tí ó lè rọ ọta ṣakabùlà kò ní ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe ìkaraun. Ẹni tí ọta Snider rẹ̀ bá tán ní láti dúró de ẹrù láti etíkun. Ohun kékeré tí ó ń ṣófo lẹ́yìn ìyìnbọn ti di ohun tí ó ṣòro rí jùlọ.

Kí wá ni iṣẹ́ ìkaraun yìí? Ní Paris, ní 1812, ni Jean Samuel Pauly, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, gba ìwé àṣẹ lórí ìbọn tí a ń ki láti ìdí, tí ọta rẹ̀ gbé ìṣáná tirẹ̀ dání. Ní 1866 ni Edward Boxer, ọ̀gágun kan ní Woolwich, ṣe ti Snider fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ̀tù bá gbiná, ìkaraun a wú, a lẹ̀ mọ́ ara ihò ìbọn, kò sì ní jẹ́ kí iná yọ sẹ́yìn sí ojú ẹni tí ń yìnbọn. Bí agbára iná bá rọlẹ̀, a tún súnkì díẹ̀, kí ó lè ṣeé fà yọ. Ohun tí ó lè wú kí ó sì súnkì báyìí láìya kò pọ̀ láyé. Idẹ tí ó jẹ́ bàbà ìdá 70 àti síǹkì ìdá 30 nínú 100 ni ó mọ̀ ọ́n ṣe jùlọ. Ṣùgbọ́n bàbà wọ́n, iṣẹ́ ara rẹ̀ sì pọ̀: a ó fi ẹ̀rọ tẹ àwo idẹ pẹlẹbẹ di ife, a ó fà á gùn, a ó yá a níná kí ó lè rọ̀, a ó sì tún fà á. Abájọ tí ìkaraun fi ń kó apá tí ó pọ̀ jùlọ nínú owó ọta, bẹ́ẹ̀ sì ni òun gan-an kò dé ibi tí a fojú sùn.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ tí àwọn ènìyàn gbà dín owó náà kù ni pé wọ́n sọ ọta di kékeré. Ní 1845, Louis-Nicolas Flobert ní Paris ṣe ọta wẹ́wẹ́ kan tí kò ní ẹ̀tù nínú. Ìṣáná rẹ̀ nìkan ni ó ń tì í jáde, àwọn ènìyàn sì ń fi í ta àmì nínú yàrá àlejò wọn. Ní 1857, Smith & Wesson ní Amẹ́ríkà ṣe ọta kékeré tí a ń pè ní .22. Ogun ni ó jẹ́ kí ìjọba àti aráàlú mọ iyì irú ọta bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 1899, láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré, àwọn Boer, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àgbẹ̀ tí ìbọn ti mọ́ lọ́wọ́, ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Stormberg, ní Magersfontein àti ní Colenso ní Gúúsù Áfíríkà. Nígbà tí ó di 1901, a dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti mú kí òṣìṣẹ́ lásán lè kọ́ ìbọn yíyìn. Lord Roberts, olórí ogun tí ó ti jà ní Gúúsù Áfíríkà, sì ṣe alátìlẹ́yìn iṣẹ́ náà gidigidi. Ọta kékeré ni ó jẹ́ kí ó ṣeé ṣe, nítorí pé kò gba owó ńlá, kò sì béèrè pápá gbọọrọ.

Síbẹ̀, ọ̀nà yìí ní àbùkù tirẹ̀. Ìbọn kékeré kì í ta ènìyàn nípá bí ìbọn ńlá. Ọwọ́ tí ó mọ ọ̀kan lè ṣàìmọ èkejì. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin 1970, ní Newhall ní ìpínlẹ̀ California, àwọn ọlọ́pàá ojú pópó mẹ́rin pàdánù ẹ̀mí wọn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ní ọwọ́ ọ̀daràn méjì. Lára ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ọta .38 Special, tí kò le, ni wọ́n fi ń dánra wò, nígbà tí àwọn kan nínú wọn gbé .357 Magnum, tí ó le jù ú lọ púpọ̀, lọ sí ẹnu iṣẹ́. Ìdánrawò tí kò jọ iṣẹ́ kò lè gba oníṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ ìpọ́njú.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀nà kejì ni pé kí a fi ọta àti ẹ̀tù sílẹ̀ bí wọ́n ti wà, kí a sì pààrọ̀ ìkaraun nìkan. Ọ̀wọ́n bàbà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì fi ipá mú àwọn orílẹ̀-èdè gbà á. Jámánì fi irin ṣe ìkaraun, ó sì kùn ún kí ó má baà dípẹtà. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ tí Chrysler ń darí ní Evansville, ní ìpínlẹ̀ Indiana, ṣe ọta .45 fún ìbọn ìléwọ́ àti irú rẹ̀ tí ó ju bílíọ̀nù 3 lọ, irin ni ìkaraun èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú wọn. Nígbà tí ogun parí, idẹ padà sí ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ti rí i pé kì í ṣe idẹ nìkan ni ó lè ṣe iṣẹ́ náà.

Alumíníọ́mù ni ó tún kàn. Ohun iyebíye ni ó jẹ́ tẹ́lẹ̀, títí di 1886, nígbà tí Charles Hall ní Amẹ́ríkà àti Paul Héroult ní Faransé ṣàwárí, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí a ti ń fi iná mànàmáná yọ ọ́ ní ọ̀pọ̀ yanturu. Bí idẹ àti alumíníọ́mù bá tóbi bákan náà, alumíníọ́mù kò wúwo ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta idẹ lọ. Ṣùgbọ́n kò le tó idẹ, kò sì mọ̀ ọ́n wú kí ó súnkì bí idẹ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ní ilé-iṣẹ́ ohun ìjà ìjọba Amẹ́ríkà, Frankford Arsenal, fẹ́ lò ó fún ìbọn gígùn ológun, wọ́n rí ewu kan: bí ìkaraun bá ya díẹ̀, iná ẹ̀tù a gba ibẹ̀ yọ, a sì jó alumíníọ́mù fúnra rẹ̀, a sì ba ìbọn jẹ́. Ti ìbọn ìléwọ́ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Agbára tí a fi àyè gbà nínú ọta .45 kò ju 21,000 pọ́ùn lórí íǹṣì kan níbùú lóròó, ti 9mm kò ju 35,000. Ṣùgbọ́n ti ìbọn gígùn ológun a máa kọjá 50,000. Ibi tí alumíníọ́mù ti lè ṣiṣẹ́ láìléwu ti hàn kedere.

Ilé-iṣẹ́ CCI ní Lewiston, ní ìpínlẹ̀ Idaho, tí a dá sílẹ̀ ní 1951, ni ó gbé e dé ọjà fún aráàlú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni ó mú ọta ìbọn ìléwọ́ tí ó pè ní Blazer jáde, pẹ̀lú ìkaraun alumíníọ́mù tí a fi iná mú le, tí a sì fi nǹkan bo ara rẹ̀ kí ó lè máa yọ̀. Ìbọn tí ènìyàn ń gbé ni yóò fi í yìn. Ìró rẹ̀ àti bí ó ti ń ta ọwọ́ kò sì yàtọ̀ sí ti onídẹ. Ohun tí a ń sọ nù ni a yí padà, a kò fọwọ́ kan ohun tí ń lọ bá àmì.

Àwọn kan kò fara mọ́ ọn, àwíjàre wọn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣa ìkaraun idẹ rẹ̀ lè fi ìṣáná, ẹ̀tù àti ọta tuntun sí i, kí ó tún lò ó lọ́pọ̀ ìgbà. Alumíníọ́mù a máa ya bí a bá gbìyànjú bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó ṣe é mọ èyí, nítorí pé irú ìṣáná tí Hiram Berdan, ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1866 ni wọ́n fi sí Blazer ìgbà náà, èyí tí ó ṣòro láti yọ ju ti Boxer lọ. Lójú ẹni tí ń tún ọta rẹ̀ ṣe, nígbà náà, idẹ ni ó pọ́ọ́kú jù bí ọjọ́ bá gorí ọjọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í ṣa ìkaraun padà ń san owó bàbà fún ohun tí yóò fi sílẹ̀ lórí pápá ìdánrawò.

Nítorí náà, kò tọ́ kí a bú ìkaraun alumíníọ́mù nítorí pé kò ní ẹ̀mí gígùn. A kò ṣe é fún ẹ̀mí gígùn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni iṣẹ́ rẹ̀, bí ó bá sì ti ṣe é láìya, ó ti jíṣẹ́. Ẹni tí a gbé ìbọn lé lọ́wọ́ láti ṣọ́ ìlú, tí kò sì rí ọta tó láti fi kọ́ ọ, ewu ni fún ara rẹ̀, ewu sì ni fún ẹni tí ń kọjá lọ ní ọ̀nà. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ìdánrawò ni ọgbọ́n náà, owó ọta sì ni ó ti sábà máa ń sọ iye ìgbà tí ènìyàn lè rí i ṣe.