Láti kásẹ́ẹ̀tì dé síìdì: Kí ló dé tí fídíò àtijọ́ kò bá tẹlifíṣàn tuntun rẹ́?

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà, páálí kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí lórí kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ dà nù.

Síìdì ìgbéyàwó wà níbẹ̀. Fídíò ìsìnkú bàbá àgbà wà níbẹ̀. Àwọn fíìmù tí gbogbo ilé jọ máa ń jókòó wò nígbà tí iná bá dé náà wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ bá ní àwọn fẹ́ rí ojú màmá àgbà tí wọn kò bá láyé, ibẹ̀ ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á nu eruku ara ẹ̀rọ DVD, wọ́n á gbé e síwájú tẹlifíṣàn pẹlẹbẹ tó wà lára ògiri, wọ́n á wá rí i pé kò sí ihò tí wáyà rẹ̀ lè wọ̀.

Bí wọ́n bá sì rí ihò, àwòrán lè jáde láìní àwọ̀, ojú màmá àgbà lè fẹ̀ bí igbá, tàbí kí gbogbo rẹ̀ rí bàìbàì.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú méjèèjì. Ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ṣe wọ́n fún.

Wàhálà náà ti wà ṣáájú síìdì

Kì í ṣe tẹlifíṣàn pẹlẹbẹ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn lọ́jọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1959, àwòrán dúdú àti funfun ni wọ́n ń gbé jáde. Nígbà tí tẹlifíṣàn aláwọ̀ wá dé, ọ̀nà mẹ́ta ni ayé pín sí.

Amẹ́ríkà àti Japan mú ìlànà tí wọ́n ń pè ní NTSC, tó ń fi ìlà 525 to àwòrán kan. Jámánì gbé PAL kalẹ̀, tó ń lo ìlà 625. PAL yìí náà ni Gẹ̀ẹ́sì, Nàìjíríà àti Ghana mú. Faransé ṣe SECAM tirẹ̀, òun náà sì ni àwọn orílẹ̀èdè tó ti wà lábẹ́ ìṣàkóso rẹ̀, bíi Benin, Tógò àti Niger, ń lò.

Bí ààlà tí àwọn amúnisìn fà ṣe wọ inú tẹlifíṣàn nìyẹn. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Kùtọnu lè ṣiṣẹ́ ní Èkó, kí àwòrán rẹ̀ má ní àwọ̀ kankan. Èyí tí ẹ̀gbọ́n bá fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà lè máa yí sókè sódò lójú tẹlifíṣàn. Ìgbà tí àwọn ẹ̀rọ tó gbọ́ èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé ọjà ni ara tó tu àwọn èèyàn.

Kásẹ́ẹ̀tì tó bí Nollywood

Lọ́dún 1976, ilé iṣẹ́ JVC ní Japan gbé kásẹ́ẹ̀tì VHS jáde.

Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1989, náírà ti já wálẹ̀ ní Nàìjíríà, owó tí wọ́n fi ń ṣe sinimá ti ga kọjá agbára ọ̀pọ̀ òṣèré, ẹ̀rù àwọn olè kò sì jẹ́ kí àwọn èèyàn fẹ́ jáde lálẹ́ mọ́. Inú ilé ni wọ́n ti ń wo fídíò.

Kenneth Nnebue, oníṣòwò ẹ̀rọ àti kásẹ́ẹ̀tì, rí àǹfààní níbẹ̀. Fíìmù Yorùbá ló kọ́kọ́ náwó sí, lára wọn ni Ajẹ́ Ni Ìyá Mi. Lọ́dún 1992, ó gbé Living in Bondage jáde lédè Igbo. Chris Obi Rapu ló darí rẹ̀.

Orí kásẹ́ẹ̀tì VHS ni fíìmù náà gbà wọ ilé onílé, ó sì tà wàràwàrà. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ló kà á sí ìbẹ̀rẹ̀ Nollywood.

Síìdì gorí oyè

Lọ́dún 1993, Philips, Sony, Matsushita àti JVC fẹnu kò lórí ìlànà tuntun kan, ìyẹn Video CD tàbí VCD.

Amẹ́ríkà àti Yúróòpù kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Ní Éṣíà àti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ọba ló jẹ. Síìdì kò wọ́n, ó rọrùn láti dà kọ, ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú láti China sì kún ọjà Alaba. Láti Ìdúmọ̀tà dé Onitsha títí dé Kano, VCD gba ipò kásẹ́ẹ̀tì.

Àmọ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 ni síìdì kan lè gbà. Ìdí nìyí tí fíìmù kan fi máa ń wá nínú síìdì méjì, tí èèyàn á ní láti dìde lọ pààrọ̀ rẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn lọ.

DVD, tó kọ́kọ́ jáde ní Japan lọ́dún 1996, padà gba ìyẹn náà. Ààlà sì tún bá a wá: àwọn ilé iṣẹ́ sinimá pín ayé sí agbègbè, Amẹ́ríkà jẹ́ 1, Gẹ̀ẹ́sì 2, Nàìjíríà 5. Awo tí wọ́n rà ní London lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n rà ní Èkó.

Kò pẹ́ tí àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ fíìmù mẹ́wàá, ogún, sórí awo kan ṣoṣo. Kí gbogbo rẹ̀ tó lè gbà, wọ́n ní láti fún àwòrán náà pọ̀, èyí tó ń ba ẹwà rẹ̀ jẹ́. Lójú tẹlifíṣàn àtijọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ, àbùkù náà kò fi bẹ́ẹ̀ hàn.

Kí ni tẹlifíṣàn tuntun ń fẹ́?

Nǹkan mẹ́ta ló ń dá ìjà sílẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni iye ohun tó wà nínú àwòrán. Bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n tò síra ni àwòrán tẹlifíṣàn ṣe rí. VCD ti PAL ní ẹyọ 352 níbùú àti 288 lóòró, àpapọ̀ wọn jẹ́ 101,376. Tẹlifíṣàn HD tó kún ojú òṣùwọ̀n ní 1,920 níbùú àti 1,080 lóòró, ìyẹn lé ní mílíọ̀nù méjì. Ẹyọ kan láti inú síìdì ní láti kún àyè tó lé ní ogún. Tẹlifíṣàn kò mọ ohun tí kò sí níbẹ̀, ó kàn ń fojú bù ú ni.

Ìkejì ni ìrísí. Tẹlifíṣàn àtijọ́ jẹ́ 4 níbùú sí 3 lóòró, ti ìsinsìnyí jẹ́ 16 sí 9. Tí tẹlifíṣàn bá fa àwòrán àtijọ́ kó lè kún ojú rẹ̀, ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ á di ẹni sísanra. Ẹ fi rìmóòtù wá 4:3 níbi ètò àwòrán. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á dúdú, àmọ́ ojú màmá àgbà á padà sí bó ṣe wà.

Ìkẹta ni wáyà. Ẹ̀rọ àtijọ́ ń lo wáyà olórí mẹ́ta: yẹ́lò fún àwòrán, pupa àti funfun fún ohùn. Ní ìparí ọdún 2002 ni ìlànà HDMI jáde, tó ń kó àwòrán àti ohùn papọ̀ nínú okùn kan lọ́nà mìíràn pátápátá.

Nítorí náà, wáyà lásán tí wọ́n fi orí HDMI sí ní ẹ̀gbẹ́ kan kò tó. Àpótí kékeré tó ń gba iná, tó sì ń túmọ̀ láti èdè kan sí èkejì, ni ẹ nílò. Lára àwọn tẹlifíṣàn míì, ihò yẹ́lò àti ihò aláwọ̀ ewé ti di ọ̀kan ṣoṣo. Tí ẹ bá yan èyí tí kì í ṣe tiyín lórí rìmóòtù, dúdú àti funfun ni àwòrán á jẹ́.

Ohun tó wà nínú ewu

Ní oṣù Keje ọdún 2016, ilé iṣẹ́ Funai ní Japan, tó ṣì ń ṣe ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì VHS nígbà náà, dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun kò sì ní ojú ibi tí wọ́n ń ki síìdì sí mọ́.

Nàìjíríà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù iṣẹ́ ńlá báyìí rí. Shaihu Umar, fíìmù èdè Hausa tí Adamu Halilu ṣe lọ́dún 1976 láti inú ìwé Abubakar Tafawa Balewa, ni ọ̀pọ̀ rò pé ó ti sọnù. Jos ni wọ́n ti padà rí i níbi ìpamọ́ fíìmù ìjọba. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn níbi àjọ̀dún fíìmù Berlin lọ́dún 2018.

Shaihu Umar rí ẹni wá a. Ta ni yóò wá fídíò ìgbéyàwó màmá yín? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀dà kan ṣoṣo tó wà láyé ló wà nínú páálí yẹn. Síìdì tí àwọn ayàwòrán ayẹyẹ fi kọ̀ǹpútà dà kọ kì í wà títí láé. Ooru, oòrùn àti ọ̀rinrin ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ má tíì ta ẹ̀rọ DVD yín fún àwọn tó ń ra àlòkù. Nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ da ohun tó wà nínú síìdì kọ sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kejì pamọ́ sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí míì. Bó ti wù kí àwòrán náà rí bàìbàì tó, ohùn màmá àgbà ṣì wà nínú rẹ̀.